Ọtí Bàbà Kò Fẹ́ Ooru Púpọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pọn ọtí, ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ọtí tí a ń fi ọkà bàbà pọn, èyí tí àwọn kan ń pè ní ṣùkùtù tàbí ṣàkpàlò. Ẹni tí ó ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà lè mú nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ó wà nínú ìkòkò kan. Ẹ ra ọkà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ jẹ́ kí ó hù, ẹ sá a sóòrùn, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ra igi, ẹ pọn omi, ẹ dáná, ẹ sì jókòó ti iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Bí ọtí náà bá wá bàjẹ́ ní òru kan ṣoṣo, owó ọkà ti lọ, owó igi ti lọ, owó ìwé ọmọ tí ẹ fẹ́ yọ nínú èrè náà ti lọ. Bí ó bá jẹ́ àwìn ni ẹ fi ra ọkà, gbèsè ni ó kù nílẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru wà lára ohun tí ó máa ń fa òfò yìí jù. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti borí rẹ̀. Ẹ nílò òye díẹ̀, omi díẹ̀, àti aṣọ tí ó ti gbó.

TA NI Ó Ń SỌ OMI ỌKÀ DI ỌTÍ?

Omi ọkà tí a sè máa ń dùn, ṣùgbọ́n kì í pa ènìyàn. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di ọtí ni ìwúkàrà tí ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́ tí ẹ dà sí i. Ìwúkàrà yìí jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò lè rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ adùn inú omi ọkà. Bí ó ti ń jẹun, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, òun ni ẹ fi ń rí ìfófòó. Ó sì ń fi agbára ọtí sílẹ̀ nínú omi náà.

Nítorí pé ó ní ẹ̀mí, ooru lè dá a lágara, ooru sì lè pa á. Ẹ rántí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Omi tí ó ń hó jẹ́ dígírì 100. Ara ènìyàn tí ó dá ṣáṣá jẹ́ nǹkan bí dígírì 37. Ìwúkàrà ọtí fẹ́ràn ibi tí ó wà láàrin dígírì 25 àti 32. Bí ó bá kọjá 35, ìwúkàrà ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ, adùn ọtí a sì yí padà. Bí ó bá tó 50, ìwúkàrà yóò kú.

Ìwúkàrà nìkan kọ́ ni ó fẹ́ jẹ adùn náà. Àwọn kòkòrò kéékèèké mìíràn wà tí ó ń mú nǹkan kan. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn dára. Ìkan díẹ̀ tí omi ọkà ní kí a tó sè é wà lára adùn ọtí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fara da ooru ju ìwúkàrà lọ. Nígbà tí ooru bá mú ìwúkàrà, àwọn ni yóò gba ìkòkò. Ọtí tí wọ́n bá ti sọ di kíkan kò ṣeé dá padà mọ́. Ṣúgà kò lè tún un ṣe.

ÌGBÀ MÉJÌ TÍ EWU WÀ

Èkíní ni ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ omi ọkà kalẹ̀ láti orí iná. Ìkòkò ńlá kì í tètè tutù. Òkè rẹ̀ lè dà bí ohun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí àárín rẹ̀ ṣì gbóná gan-an. Ẹni tí ó bá kánjú da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwúkàrà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rí ìfófòó. Yóò rò pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ni kò dára, bẹ́ẹ̀ ooru ni.

Èkejì ni ìgbà tí ọtí bá ti ń hó fúnra rẹ̀. Ìwúkàrà tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń mú ooru wá, gẹ́gẹ́ bí ara àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè ti máa ń gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìkòkò náà ní ọ̀gànjọ́. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó gbóná ju ilé lọ. Bí ìkòkò bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Bí yàrá náà pẹ̀lú bá gbóná, ọtí ti wọ ewu nìyẹn.

Ẹ KỌ́ ỌGBỌ́N LÁRA ÀMÙ

Kí ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù ní ọ̀sán gangan? Ara àmù ń làágùn. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí omi náà ti ń gbẹ, ó ń mú ooru kúrò lára àmù. Bákan náà ni òtútù ṣe ń mú wa bí a bá jáde láti odò tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí wa lára.

Ọgbọ́n yìí ni a ó lò fún ìkòkò ọtí. Ìkòkò onírin àti garawa ọlọ́rá kò lè làágùn. Nítorí náà, àwa ni a ó fún wọn ní òógùn, nípa fífi aṣọ tútù wé wọn.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ ṣètò àkókò. Ẹ jẹ́ kí sísè parí ní ìrọ̀lẹ́, kí ọtí lè máa tutù nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kí ó sì máa hó ní òru. Òru tutù ju ọ̀sán lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

2. Ẹ pín in. Ẹ bu omi ọkà láti inú ìkòkò ńlá sínú ìkòkò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti fọ̀ mọ́, tí ẹ sì ti fi omi gbígbóná ṣàn. Ìkòkò kékeré ń tètè tutù.

3. Ẹ gbé àwọn ìkòkò náà sínú ọpọ́n fífẹ̀ tí omi tútù wà nínú rẹ̀. Bí omi ọpọ́n bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má da omi náà nù, ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹ máa fi ìgbakọ tí ó mọ́ ro omi ọkà, kí àárín rẹ̀ lè tutù pẹ̀lú. Ẹ má da omi tí a kò sè sínú omi ọkà láti mú un tutù, nítorí kòkòrò wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ dán an wò kí ẹ tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Ẹ ro ó dáadáa, kí ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín. Bí ó bá gbóná sí yín lára, ẹ ní sùúrù. Bí kò bá gbóná rárá, tí ó tutù díẹ̀, ó ti tó. Ẹ má ṣe ki irinṣẹ́ onígíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà bọ inú rẹ̀. Ara ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ooru omi ọkà lè fọ́ ọ, májèlé sì ni ohun fàdákà tí ó máa ń wà nínú irú rẹ̀ àtijọ́.

5. Ẹ wá ibùjókòó rere fún un. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa. Abẹ́ òrùlé koríko tàbí ẹ̀yìn ògiri amọ̀ tí oòrùn kì í dé dára jù.

6. Ẹ fi aṣọ tútù wé e. Ẹ lo aṣọ òwú tí ó ti gbó tàbí àpò tí a fi okùn hun, kì í ṣe àpò ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí etí aṣọ kan omi inú ọpọ́n, kí ó lè máa fa omi sókè fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀.

7. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tí ó mọ́ bo ẹnu ìkòkò, kí eṣinṣin má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ má dí i pa. Afẹ́fẹ́ tí ọtí ń tú jáde lè fọ́ ohun tí a dí pinpin, kí ó sì ṣe ènìyàn léṣe.

ÌGBÀ YÀTỌ̀ SÍ ÌGBÀ

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gbẹ. Aṣọ tútù ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà. Ní ìgbà òjò, tàbí ní ẹ̀bá ọ̀sà bí ti Àjàṣẹ́, omi ti kún inú afẹ́fẹ́. Aṣọ kì í tètè gbẹ, nítorí náà kì í mú ìkòkò tutù púpọ̀. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé omi ọpọ́n, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún lè gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ tí òjìji bò, kí ẹ rọ iyanrìn tútù yí ìkòkò ká.

Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra. Òru lè tutù jù, kí ìwúkàrà sì sùn. Bí ìkòkò bá tutù lọ́wọ́ tí kò sì hó, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò, kí ẹ fi gbígbẹ bò ó.

BÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ DÍẸ̀ BÁ WÀ

Ní àwọn abúlé mìíràn, iná ń wá, ó ń lọ. Àwọn mìíràn ní pákó tí ó ń gba iná láti ara oòrùn, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò gbígbóná sínú fìríìjì. Yóò jẹ iná púpọ̀, yóò sì mú oúnjẹ tí ẹ bá níbẹ̀ gbóná. Ẹ fi iná díẹ̀ náà yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, kí ó máa fẹ́ sí aṣọ tútù tí ó wé ìkòkò. Iná díẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Bí iná bá sì lọ, aṣọ àti omi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ LO ÌWÉ YÍN

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe yín ní àǹfààní. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pọn ọtí, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ pọn ọ́, wákàtí tí ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, wákàtí tí ìfófòó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó kan jù fún títà. Ẹ tún dán èyí wò: ẹ wé ìkòkò kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ láìwé, kí ẹ tọ́ méjèèjì wò ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ẹ bá kọ ni yóò sọ fún yín èyí tí ó dára ní ilé yín.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ lè jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan run.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwúkàrà bí ẹ bá dà á sínú omi ọkà gbígbóná?
2. Èé ṣe tí ìkòkò ọtí fi ń gbóná nígbà tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀?
3. Èé ṣe tí aṣọ tútù fi ń ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òjò lọ?
4. Níbo ni ó tutù jù lọ nínú àgbàlá yín? Ẹ lọ wò ó ní ọ̀sán, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.