Ogun àti Àlàáfíà: Ibo ni kí ẹni tó fẹ́ ka Tolstoy ti bẹ̀rẹ̀?

Gbogbo ayé ló ń yin ìwé yìí, àwọn tó kà á tán ni kò pọ̀. Ọdún 1869 ni Leo Tolstoy, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, parí *Ogun àti Àlàáfíà*, tí wọ́n ń pè ní *War and Peace* ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú-ìwé.

Ẹnu àwọn òǹkàwé kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ogun inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìtàn ìfẹ́ Natasha, ọ̀dọ́mọbìnrin inú ìwé náà, làwọn ń wá. Àwọn mìíràn ní ogun yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé òǹkọ̀wé a máa pa ìtàn tì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó ń ti aráyé sógun. Gustave Flaubert, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ráhùn lórí èyí. Nínú ẹ̀dà ọdún 1873, Tolstoy fúnra rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ nínú àlàyé náà lọ sí ẹ̀yìn ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá fo díẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò dẹ́ṣẹ̀.

Lójú tèmi, kì í ṣe gígùn ìwé náà ló ń lé èèyàn sá, orúkọ ni. Òde àríyá kan nílùú St Petersburg ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1805. Àwọn ọlọ́lá ń wọlé wìtìwìtì, èdè Faransé ni wọ́n sì ń fọ́. Nínú wọn, ẹnì kan náà ni Pyotr Kirillovich, Pierre àti Bezukhov. Ṣé ó yẹ kí èyí dẹ́rù ba Yorùbá? Ọmọ tí bàbá ń pè ní Adéwálé náà ni ìyá àgbà ń kì ní Àkànní. Ẹ sáà kọ orúkọ wọn sínú ìwé pélébé, kí ẹ má sì dájọ́ títí ẹ ó fi dé ojú ogun Schöngrabern, níbi tí Rọ́ṣíà àti Faransé ti kojú ara wọn.

Níbẹ̀ ni ẹṣin ti kú mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Nikolai Rostov nídìí. Ó rí àwọn ọmọ-ogun Faransé tó ń sáré bọ̀, kò sì kọ́kọ́ gbà pé òun ni wọ́n fẹ́ pa, òun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn! Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yìn ín. Ó jù ú lu ọ̀kan nínú wọn, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tolstoy ti jagun rí ní Sevastopol, ó mọ̀ pé ojora kò mọ akin.

Àmọ́ ẹni tí kò bá ka Tolstoy rí, kó fi *Ikú Ivan Ilyich* ti ọdún 1886 bẹ̀rẹ̀. Ìwé kékeré ni. Nínú rẹ̀, adájọ́ kan ń fi bí wọ́n ṣe ń ta kọ́tìnnì han òṣìṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àkàbà, ó fi ìhà gbá fèrèsé. Ohun tó pè ní nǹkan kékeré ló wá di àìsàn. Bí ẹ bá gbádùn ìyẹn, ẹ bọ́ sínú *Ogun àti Àlàáfíà*. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Louise àti Aylmer Maude, tọkọtaya tó mọ Tolstoy dáadáa, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí 361 ló wà nínú ìwé náà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju ojú-ìwé mélòó kan lọ: ẹni tó bá ń ka orí kan lóòjọ́ yóò kà á tán kí ọdún tó yípo.