Ike líle, ike rírọ̀: èwo ni fún iṣẹ́ wo?

Ẹ mú bídọ́ọ̀nù òfìfo kan, kí ẹ sì mú ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta omi. Ẹ tẹ bídọ́ọ̀nù: kò fẹ́ tẹ̀. Ẹ fa ọ̀rá: ó ń nà. Síbẹ̀, irú ike kan náà ni méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni polietilẹ́ẹ̀nì.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi le, tí èkejì sì rọ̀?

Inú ike dà bí ìdì igi ìdáná. Bí igi bá tọ́, tí kò ní ẹ̀ka, wọ́n á sún mọ́ra, ìdì náà á le. Bí igi bá ní ẹ̀ka, àlàfo á wà láàrin wọn, ìdì náà á rọ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí ló wà nínú ike. Ti bídọ́ọ̀nù tọ́. Ti ọ̀rá omi ní ẹ̀ka.

Ẹ yí ìdí ike wò. Nínú àmì onígun mẹ́ta, 2 ni ti líle, 4 ni ti rírọ̀.

Ike líle
Ó lè gbé omi àti epo púpọ̀, kò ní wó. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á gan, á sì sán. Ẹ gbé e sí abẹ́ ibòji.

Ike rírọ̀
Ó ń nà kí ó tó ya. Ó dára láti di gàrí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ooru. Omi ń hó ní 100 dígírì. Ọ̀rá yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 110. Epo tí a fi ń dín àkàrà gbóná ju 150 lọ: ó lè yọ́ ọ̀rá àti bídọ́ọ̀nù, kí ó sì jó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí epo tutù kí ẹ tó rọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra!
Nọ́ńbà 2 kò sọ ohun tí ó ti wà nínú bídọ́ọ̀nù rí. Oògùn kòkòrò àti oògùn koríko máa ń wọ ara ike. Bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kì í tán. Ẹ má ṣe fi irú bídọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ pọn omi, ẹ má sì ṣe rọ epo sí i. Ẹ fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn. Lẹ́yìn náà, ẹ lu bídọ́ọ̀nù ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀
1. Kí ló mú kí bídọ́ọ̀nù le ju ọ̀rá lọ?
2. Níbo ni bídọ́ọ̀nù omi ilé yín wà: nínú oòrùn ni, àbí lábẹ́ ibòji?
3. Bí ẹ bá ra bídọ́ọ̀nù lọ́jà, kí ni ẹ máa bi ẹni tó ń tà á?