Kí ló dé tí físíò fi ní ká máa rìn nígbà tí ẹ̀yìn ń dunni?

(Ọ̀rọ̀ admin lórí voice note, alẹ́ Sunday. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí data wọn ò gbé e.)

Ẹ̀yin ará mi, àwa tá a filé sílẹ̀ wá ṣòwò l'Abuja yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn mẹ́ta ló kọ̀wé sí mi pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Ọ̀kan ti wà lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìsọ̀ rẹ̀ ní Nyanya sì wà ní títì. Ìyẹn ló mú mi gbé fóònù.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Àpò èlùbọ́ ni mò ń já nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn fi gbé mi dè. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má gbé nǹkan kan mọ́. Mo dùbúlẹ̀ títí owó ọjà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ físíò, mo rò pé ó máa fà mí, ó máa tẹ̀ mí. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí: “Mọ́mì, kí lẹ rò pé ó ń ṣe ẹ̀yìn yín?” Mo ní egungun ti yẹ̀. Ó ní, “Ohun tẹ́ ẹ rò yẹn ló dá yín dùbúlẹ̀.”

Ohun tí mo fẹ́ ká mú dání nìyẹn. Gbogbo ìtọ́jú ló ní èrò kan tó ń darí ẹ̀. Àwọn tó kàwé ń pè é ní tíọ́rì. Bí mẹkáníìkì bá rò pé plọ́ọ̀gì ló bàjẹ́, plọ́ọ̀gì ló máa yọ. Bí èrò ẹ̀ ò bá tọ̀nà, ọkọ̀ ò ní gbéra.

Láyé ọjọ́un, èrò ọ̀pọ̀ dókítà ni pé ẹ̀yìn tó bá ń dunni gbọ́dọ̀ sinmi. Ó jọ òótọ́, àmọ́ a gbọ́dọ̀ dán èrò wò. Ní 1986, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní káwọn kan tí ẹ̀yìn ń dùn sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 2, káwọn yòókù sinmi fún ọjọ́ 7. Àwọn ọlọ́jọ́ 2 ò jẹ̀rora ju àwọn yòókù lọ, ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù sì kéré.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall sọ pé ó dà bíi pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tó lè ṣí tàbí kó tì kí ìrora tó dé ọpọlọ. Bó o bá fẹsẹ̀ kọ, kíá lo máa fọwọ́ ra á. Ọwọ́ tó o fi ń ra á yẹn ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀. Ẹ̀rù àti àníyàn sì lè ṣí i gbayawu. Wọ́n ti tún èrò yẹn ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìrora ńlá kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí pé ara bàjẹ́ púpọ̀.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Físíò ọmọ Nàìjíríà kan, Chinonso Igwesi-Chidobe, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí láwọn abúlé ní Enugu, wọ́n sì gbé e jáde ní 2017. Wọ́n rí i pé ìbẹ̀rù àti ohun tí èèyàn gbà gbọ́ nípa ẹ̀yìn ẹ̀ wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́.

Físíò tèmi ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi kún un. Ó dùn mí lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo padà sọ́jà.

Àmọ́ o, bí ìtọ̀ bá ń dá jáde tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ìdí tẹ́ ò mọ̀ ọ́n lára, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ṣubú, ọsíbítù ni kíá, ọ̀rọ̀ ìrìn kọ́ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ físíò, ẹ bi í: “Kí lẹ rò pé ó fà á? Báwo la ṣe máa mọ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀?” Èyí tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Àbúrò mi ti Nyanya, mò ń bọ̀ lọ́la. Ká kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Bó bá ní kò séwu, àwa méjèèjì la jọ máa rìn lọ ṣí ìsọ̀ yẹn. Ó dàárọ̀ o.