Gbégamey: Ọ̀sẹ̀ kejì tí òṣùwọ̀n ń dẹ́rù ba àwọn tó ń dín ara kù

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá ti ń mọ́ ní Kútọnu, kí àwọn zémidjan tó pọ̀ lójú títì, àwọn tó ń sáré nítorí ìlera ti máa ń wà níta. Òmíràn á dá rìn, òmíràn á wà nínú ẹgbẹ́ tó ń kọrin bó ti ń sáré. Ní Gbégamey náà a máa ń rí wọn: ọ̀dọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ìyá tó so ìborùn mọ́dìí lórí ṣòkòtò eré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dédé bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tàbí pé ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé kí wọ́n dín ara kù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní máa ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń di ariwo. Ẹni tó ti fi kílò méjì sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tún gorí òṣùwọ̀n, ó rí i pé kílò kan ti padà. Kò jẹ àjẹjù, kò fi ìrìn sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òṣùwọ̀n ọ̀hún ló bàjẹ́, ẹlòmíràn á ní bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń jáwọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru kò sì jáwọ́ lára wọn.

Ẹ̀yin tó ń ṣòwò oúnjẹ lè tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àpò àgbàdo tútù àti àpò àgbàdo gbígbẹ kì í wọ̀n bákan náà. Hóró kan kò dín níbẹ̀, omi ló lọ. Bí òjò bá pa á, ìwọ̀n á tún gòkè, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àgbàdo ti bí àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara wa. Ohun tó lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi náà ni.

Ẹ̀kọ, gàrí, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì: ara ń sọ wọ́n di ṣúgà, ó ń lo èyí tó nílò, ó sì ń kó díẹ̀ pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Glycogen ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ara kó pa mọ́ yìí. Nínú àgbàlagbà, ó lè tó nǹkan bí ìdajì kílò. Kì í dá gbé: gíráàmù kan rẹ̀ ń mú omi bíi gíráàmù 3 dání. Ẹni tó bá dín gàrí àti ẹ̀kọ kù lójijì, ara rẹ̀ á ná ohun tó kó pa mọ́, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Bí kílò kan sí méjì ṣe ń lọ kíákíá nìyẹn. Ọjọ́ tó bá jẹ iyán dáadáa níbi ìgbéyàwó, àká á tún kún, omi á tún bá a wọlé.

Eré ìdárayá fúnra rẹ̀ ń dá omi dúró. Iṣan ẹsẹ̀ tí kò sáré láti ìgbà tí olówó rẹ̀ ti kúrò nílé ìwé á farapa díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, omi á sì jọ síbẹ̀ bí ara ti ń tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ìrora fi máa ń le ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ìwọ̀n sì lè gòkè lásìkò kan náà.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré, àti èyí tó wà nínú Maggi, àti èyí tó wà nínú lanhouin. Ọbẹ̀ oníyọ̀ lálẹ́ lè mú kí òṣùwọ̀n gòkè láàárọ̀. Fún àwọn obìnrin, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú nǹkan oṣù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ tí kò yà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá sì mu omi inú ọ̀rá méjì tó jẹ́ onídajì lítà, ó ti fi kílò kan kún ara nìyẹn kó tó dìde níbi tó jókòó sí.

Ọ̀rá kì í yára bẹ́ẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Obìnrin tí ara rẹ̀ ń lo nǹkan bíi 2,000 lójúmọ́ ní láti jẹ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin, ó dín díẹ̀, lé orí oúnjẹ tirẹ̀ kó tó lè fi kílò ọ̀rá kan sanra mọ́jú. Ta ló lè jẹ ẹ́?

Kì í ṣe Kútọnu ni èèyàn ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí. Ní Ítálì láyé àtijọ́, dókítà kan tó ń jẹ́ Santorio Santorio so àga mọ́ òṣùwọ̀n, ó sì fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1614. Ó rí i pé ohun tó wọlé pọ̀ ju ohun tí ojú rí tó ń jáde lọ: ìyókù ń bá awọ ara àti èémí lọ láìfojúrí. Ìwọ̀n ara kì í dúró lójú kan láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí àwọn kan ń ṣe nígbà tí òṣùwọ̀n bá já wọn kulẹ̀. Wọ́n á ra òògùn tó ń múni tọ̀, tàbí àgbo tó ń ṣuni bí omi. Òṣùwọ̀n á wálẹ̀ lóòótọ́, inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n omi ló lọ, àti àwọn èròjà bíi potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Ẹni tó ti ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ tún wà nínú ewu jù, torí irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè ti wà nínú èyí tí dókítà kọ fún un. A kò sì gbàgbé pé ìlú yìí kan náà ni Jacques Chirac ti ké sí àwọn ìjọba ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2009 pé kí wọ́n gbógun ti òògùn ayédèrú, tí ìjọba sì kó òògùn tí kò bófin mu ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa, ní 2017. Adjégounlè, Ajégúnlẹ̀ tiwa náà ni. Bóyá ó ti tán pátápátá, ẹ̀yin tó ń ná ọjà lẹ mọ̀.

Báwo la ṣe wá ń wọn ara? Òṣùwọ̀n kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tọ̀, kí a tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fúyẹ́. Kí a má fi ọjọ́ kan wé ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wọn kílò 84 ní ọjọ́ Ajé, 82.6 ní Ọjọ́rú, 82.4 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé kejì, ó rí 83.5, ó fẹ́ sunkún. Kó ní sùúrù: Ọjọ́rú 82.6, Àbámẹ́ta 82. Ọ̀sẹ̀ kẹta: 82.9, 82.3, 81.7. Bí a bá ro mẹ́ta ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, tí a pín in sí mẹ́ta, 83 ni ti kìíní, 82.7 ni ti kejì, 82.3 ni ti kẹta. Ìyá yìí ń fọn, ọjọ́ Ajé ló fẹ́ tàn án jẹ.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé, kó lọ bá télọ̀ àdúgbò, kó fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ wọn ìdodo yíká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ìdí ìró tó ń tú náà máa ń sọ òótọ́. (Àwọn aládùúgbò tí yóò ní ó ti rù, pé àbí àìsàn ni, ẹ kí wọn.) Ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ nǹkan kan, bí èèyàn bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò ó. Òògùn tí dókítà fúnni, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Àwọn kan wà tí gbogbo ohun tí a sọ nípa sùúrù kò kàn: ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.