Roy Keane: Ẹni Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá, Ṣé Ó Lè Kọ́ Ẹlòmíì?

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí viewing centre ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ ti rí ọkùnrin yìí rí. Òun ni onírùngbọ̀n tó máa ń wà láàrin àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù á máa rẹ́rìn-ín, òun á kàn máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Tí wọ́n bá yin agbábọ́ọ̀lù kan pé ó sáré dáadáa, á ní ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi rò pé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n ló ń ṣe látilẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún mi ní brékì lọ́jọ́sí pé ẹnu lásán ló ní, pé kò gbá bọ́ọ̀lù gidi kankan rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn, ni mo bá lọ bẹ olóòtú wa pé kó fún mi ní àyè lára ògiri yìí. (Manchester United ni bàbá mi ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Mo sọ ọ́ síta kẹ́nikẹ́ni má baà ní mo fi pamọ́.)

Roy Keane ni orúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1971 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Mayfield nílùú Cork, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ireland. Ẹ má ṣi Ireland mú fún England o. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni, òkun ló wà láàrin wọn, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í fẹ́ kéèyàn pè wọ́n ní ará Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Rockmount ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń kan ẹ̀ṣẹ́ náà. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó kéré lára. Nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ iléèwé tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún Ireland, wọ́n fò ó. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní England pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dán òun wò, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn ire. Ẹ wò ó ná, ọmọ tí kò ju èmi àti ẹ̀yin lọ, tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń kọ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíì.

Ní 1989, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Cobh Ramblers gbà á. Ibẹ̀ lẹni tó ń bá Nottingham Forest wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kiri ti rí i, Forest sì san 47,000 pọ́n-ùn lórí ẹ̀ ní 1990. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Brian Clough tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Forest ṣàdédé gbé e wọ pápá Anfield láti kojú Liverpool tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì. Ọmọ ọdún 19 ni. Clough yìí, àgbà nídìí iṣẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ yá. Keane sọ nínú ìwé ẹ̀ pé lọ́jọ́ kan tí òun dá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, táwọn tí wọ́n ń bá gbá fi rí góòlù jẹ, bí òun ṣe wọ yàrá ìmúra báyìí ni Clough fún òun ní ẹ̀ṣẹ́ lójú. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìyẹn lò o.

Nígbà tí Forest já kúrò ní líìgì àgbà ní 1993, Manchester United san mílíọ̀nù 3.75 pọ́n-ùn láti rà á. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Britain tó tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí agbábọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Ó lo ọdún méjìlá níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 480, góòlù 51, líìgì méje, ife FA mẹ́rin. Kì í ṣe ẹni tó ń gé èèyàn bíi Okocha o. Àárín pápá ló ń wà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn tí wọ́n ń kojú, kó fún ẹni tó sún mọ́ ọn jù tó wọ aṣọ pupa, kó tún sáré lọ síbi tó ti máa rí i gbà padà. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 90 kẹ́ ẹ wò ó.

Ní 1997, nígbà tí Cantona fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ Keane di káápútẹ̀nì. Oṣù díẹ̀ sígbà yẹn ni iṣan orúnkún ẹ̀ já níbi tí wọ́n ti ń kojú Leeds. Bó ṣe wà nílẹ̀, Alf-Inge Haaland (bẹ́ẹ̀ ni, bàbá Erling tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn) dúró lé e lórí pé irọ́ ló ń pa. Keane ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà yẹn fi parí, Arsenal ló sì gba líìgì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Haaland yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1999 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wo fídíò ẹ̀ lórí fóònù bàbá mi. Ìlú Turin ní Ítálì ni, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League, United ń kojú Juventus. Láàrin ìṣẹ́jú 11, Inzaghi ti gbá méjì wọlé. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 24, Beckham gbá kọ́nà, Keane fò sókè, ó fi orí kàn án wọlé. Kò jó, kò bọ́ṣọ. Ó kàn yíjú padà, ó ń lọ sí àárín pápá kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ló gbé Zidane ṣubú, rẹfirí sì fún un ní káàdì yẹ́lò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí káàdì yẹn túmọ̀ sí. Ó ti gba irú ẹ̀ ṣáájú nínú ìdíje náà, torí náà bí United bá tiẹ̀ borí, kò ní gbá àṣekágbá. Ó sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹkún ni mo máa sun. Ti Keane, ṣe ni eré ẹ̀ tún le sí i. Yorke jẹ góòlù kejì, Cole jẹ ìkẹta, ó di 3-2. Nígbà tí United na Bayern Munich 2-1 ní Barcelona lóṣù tó tẹ̀ lé e, kóòtù ni káápútẹ̀nì wọn wọ̀ síbẹ̀.

Àmọ́ ọkùnrin yìí kan náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ta Haaland nípàá burúkú lórúnkún ní 2001, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀ tó ti ń di í sínú. Ó wá fi ẹnu ara ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ní kó san 150,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì tún ní kó má gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn níbi ìyẹn, bí mo ṣe ń ṣe United tó.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Saipan. Erékùṣù kékeré kan ni lórí òkun Pàsífíìkì, ibẹ̀ ni ikọ̀ Ireland lọ láti múra sílẹ̀ fún Ife Àgbáyé ọdún 2002 tó wáyé ní Kòríà àti Jàpáánì. (Kí wọ́n tó kúrò nílé, Super Eagles wa na wọ́n 2-1 ní Dublin lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún. Ẹ bi àwọn bàbá yín.) Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bọ́ọ̀lù àti aṣọ ìdánrawò wọn ò tíì dé. Pápá le bíi kọnkéré. Keane tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò nǹkan ní United bínú, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ fún ìwé ìròyìn Irish Times. Mick McCarthy tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá pe ìpàdé, ó gbé ìwé ìròyìn náà dání, ó ní kí Keane wá ṣàlàyé níwájú gbogbo wọn. Keane bú u, èébú tí mi ò lè kọ sára ògiri iléèwé. Ó wọ bàálù padà sílé, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì. Olórí ìjọba wọn pàápàá ní òun ṣe tán láti bá wọn dá sí i. Ireland ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù àti Jámánì, wọ́n na Saudi Arabia 3-0, kí Sípéènì tó fi pẹnáritì lé wọn lọ sílé.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn le ni pé Keane ò parọ́. Lẹ́yìn ìdíje náà, ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù Ireland ní kí àwọn kan wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àbájáde ẹ̀ sì fi hàn pé ètò wọn ò dára lóòótọ́. Ọ̀gá àgbà wọn fipò sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó jàre lórí pápá, ó jàre lórí bọ́ọ̀lù tí kò dé, ṣùgbọ́n káápútẹ̀nì kì í fi àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú Press Club ò gbà pẹ̀lú mi. Kí wọ́n kọ tiwọn.

United àti Keane pínyà ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ó gbá díẹ̀ fún Celtic ní Scotland, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2006. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Sunderland pè é. Wọ́n ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn ní líìgì kejì, Bury tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá sì ti lé wọn jáde nínú ìdíje ife. Ẹni tó pè é ni Niall Quinn, ọ̀kan lára àwọn tó dúró sí Saipan nígbà tí Keane lọ sílé. Keane ra agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà kí ọjà tó pa dé. Nígbà tí sáà parí, Sunderland ní máàkì 88, àwọn ni wọ́n gba líìgì náà, wọ́n sì gòkè. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta pẹ́ dé ibi bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Barnsley. Keane ní kí dírẹ́bà máa lọ. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì jẹ 2-0 bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní líìgì àgbà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n wà ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kejì, wọ́n na Newcastle nílé 2-1, àmọ́ nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá 2008, Bolton wá fún wọn ní mẹ́rin sí ọ̀kan nílé wọn, Keane sì fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ sígbà yẹn. Nǹkan kan wà tó sọ nínú ìwé ẹ̀ kejì nípa ìgbà tó wà ní Sunderland. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ gbé orin ijó kan tó gbajúmọ̀ sí i nínú yàrá ìmúra kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orin yẹn gan-an ló dùn ún, ohun tó dùn ún ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dìde lọ pa á.

Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé wà. Nígbà tó jẹ́ káápútẹ̀nì, ì bá dìde pa orin náà fúnra ẹ̀. Tí ẹnì kan ò bá sáré, á sáré tiẹ̀ mọ́ tẹni yẹn, á jágbe mọ́ ọn, ẹni yẹn á sì rí òun náà tó ń làágùn níwájú ẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ò láǹfààní yẹn. Ìta ìlà ló dúró sí. Ohun tó kù fún un ni kó mọ ọ̀rọ̀ tó máa wọ ẹni kan létí àti èyí tó máa lé ẹlòmíì sá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún èèyàn méjì.

Mo mọ̀ ọ́n torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní kí n máa mójú tó àwọn ọmọ JSS 2 fún ìdíje kíláàsì sí kíláàsì. Mo rò pé torí pé mo ń gbá nọ́ńbà 6 fún iléèwé wa, ohun tí mo bá ti sọ ni wọ́n á ṣe. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù máa ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Mo jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjì míì ò wá. Wọ́n jẹ wá ní mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ bá a ṣe ń lọ sílé.

Ní Ipswich, láti oṣù kẹrin ọdún 2009, ó burú fún Keane ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá ní líìgì ní sáà ẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé láìborí ẹyọ kan. Ó ta ọmọdé kan tó ń jẹ́ Jordan Rhodes fún Huddersfield, ọmọ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ góòlù bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Keane fúnra ẹ̀ gbà pé àṣìṣe ni. Oṣù kìíní ọdún 2011 ni wọ́n lé e.

Ibi tó tún ti dára fún un ni nígbà tó di igbákejì. Láti 2013 títí di 2018, Martin O'Neill ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ireland, Keane sì ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n na Jámánì tó gba Ife Àgbáyé 1-0 ní 2015. Ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2016, wọ́n na Ítálì 1-0 nílùú Lille, góòlù Robbie Brady, kí Faransé tó lé wọn jáde. Òun àti O'Neill tún jọ lọ sí Nottingham Forest fún oṣù díẹ̀ ní 2019. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹlifísọ̀n.

Ìdíje kíláàsì sí kíláàsì ti táàmù yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí iléèwé bá ti jáde. JSS 2 ni mo tún wà pẹ̀lú. Ọmọ tí mo jágbe mọ́ yẹn ti padà wá. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Ẹ wá wò wá.