Ohun tí Ẹ̀gbẹ́ Táyà ń Sọ

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra táyà ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, ohun méjì ni ó sábà máa ń béèrè: iye owó rẹ̀, àti bóyá ilà ojú rẹ̀ ṣì jìn. Ìbéèrè méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé wọn kò tó. Ọ̀pọ̀ ohun tí ń mú kí táyà bẹ́ kì í hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú àkọlé kan tó wọ́pọ̀: 195/65R15 91H. Ìwọ̀n táyà ni apá kìíní. Nínú apá kejì, 91 dúró fún ẹrù kìlógíráàmù 615, H sì dúró fún eré kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Táyà mẹ́rin irú èyí kò gbọdọ̀ gbé ju kìlógíráàmù 2,460 lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀, èrò inú rẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí a rà ní Mile 12 sì wà nínú ìṣirò náà.

Ọ̀pọ̀ táyà tún ní ìdíwọ̀n mẹ́ta ti ìjọba Amẹ́ríkà. Treadwear 400 túmọ̀ sí pé, nínú ìdánwò, ojú rẹ̀ pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti táyà tí a fi 100 sàmì sí. Traction, láti AA dé C, ń sọ bí ó ṣe ń dúró lórí ọ̀nà tútù. Temperature, láti A dé C, ń sọ bí ó ṣe ń fara da ooru.

Èyí tó kù ni ọjọ́ orí. Bí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkọlé DOT bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Orúkọ iyì ni Tòkunbọ̀ fún ọmọ tí a bí lókè òkun. Fún táyà, ọdún tí ó ti lò níbẹ̀ jẹ́ gbèsè. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń mú kí rọ́bà gbẹ kí ó sì sán, bí ilà ojú rẹ̀ tilẹ̀ jìn.

Nítorí náà, kí a tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ orí, ẹrù àti ooru ṣáájú owó. Kí a sì ríi pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò gbóná jù, àmì A kò sì lè gbà á.