Gbàgede Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá: Ohun Tí Oníkàn Ní Tí Ìjẹ̀gùn Ń Wá

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìjẹ̀gùn dé Ìkọ̀tún, tó tún wọ òmíràn títí tó fi dé Erékùṣù Èkó, CMS tàbí TBS ló sábà máa ń sọ̀ sí. Ẹṣin funfun ńlá mẹ́rin àti idì pupa méje tó wà lórí géètì kì í jẹ́ kí èèyàn ṣi TBS mọ̀: Gbàgede Tafawa Balewa nìyẹn. Béèyàn bá rìn síwájú díẹ̀, á dé pápá ìṣeré Oníkàn, tí wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena báyìí. Ibi ìtajà, ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ, ibùdókọ̀ àti mùsíọ́mù ló yí méjèèjì ká. Káàkiri ayé lónìí, owó ńlá ni wọ́n ń ná láti kọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, níbi tí eré ìdárayá, òwò àti ìpéjọpọ̀ ará ìlú ti jọ wà lójú kan. Èkó ti ní tirẹ̀ tipẹ́.

Ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé Ọba Dòsùnmú ló yọ̀ǹda ilẹ̀ gbàgede náà fún àwọn òyìnbó ní 1859. Wọ́n sọ ọ́ di pápá eré ẹṣin, Race Course, wọ́n sì ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé ṣe ń fún mọ́ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó, kò sẹ́ni tó gé pápá náà sí púlọ́ọ̀tì. Ìdí nìyẹn tí àyè fi wà fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn lóru tó mọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, 1960, nígbà tí wọ́n sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí wọ́n sì fa aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Ibẹ̀ náà ni Princess Alexandra, aṣojú ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìwé òmìnira lé Tafawa Balewa, olórí ìjọba, lọ́wọ́.

Ní 1972, lábẹ́ ìjọba Gowon, wọ́n kọ́ gbàgede tí a ń wò lónìí sórí pápá ẹṣin ọ̀hún. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 14.5, ó sì lè gba nǹkan bí 50,000 èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì wà lára ilé náà, nítorí náà òwò ń lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ kankan. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ tóbi. Pápá tó bá gbójú lé eré nìkan, ọjọ́ mélòó kan lóṣù ló máa ń rí owó. Àmọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ àti ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rí irú rẹ̀ ní Wembley: lẹ́yìn tí wọ́n ṣí pápá tuntun ní 2007, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù àti gbàgede hù yí i ká, àdúgbò náà kò sì dúró de ọjọ́ bọ́ọ̀lù mọ́ kó tó rówó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì fún irú àdúgbò báyìí. Nígbà tí BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS, agbègbè yìí ló forí sọlẹ̀ sí.

Ní ti pápá Oníkàn fúnra rẹ̀, orúkọ King George V ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é. Láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá àṣekágbá ife bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Àwọn àgbà Èkó kò gbàgbé Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀, àti bí èrò ṣe ń kún ibẹ̀ nítorí wọn. Ìjọba nìkan kọ́ ló sì ṣe Oníkàn. Dókítà J. K. Randle fi owó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928. Lórí ilẹ̀ yẹn ni ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà báyìí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023. Irú ẹ̀bùn báyẹn yẹ ká máa sọ ọ́ fún àwọn olówó wa.

Àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí nípa TBS. Eyọ̀ ti jáde níbẹ̀, ní 2017 fún àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti búra fún gómìnà Sanwo-Olu. Ibẹ̀ ni ìsìn orin The Experience ti ń wáyé láti 2006. Ṣùgbọ́n ògiri yí i ká, ẹni tó bá sì fẹ́ lo inú rẹ̀ ní láti háyà rẹ̀. Ọmọ tó ń kọjá lọ lọ́sàn-án kò lè kàn wọlé jókòó sábẹ́ ibòòji. Gbàgede tí géètì rẹ̀ kì í ṣí fún mẹ̀kúnnù kò tíì pé ní gbàgede.

Ní Ìjẹ̀gùn ńkọ́? Alimosho, tí Ìjẹ̀gùn wà lábẹ́ rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ jù l'Ékòó nínú ètò ìkànìyàn 2006, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, ojú títì làwọn ọmọ ti ń ta bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń sá fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá. Ilẹ̀ gbọọrọ tó ṣófo láàárín ilé lọ́hùn-ún, ipa páìpù epo ni, kì í ṣe ibi eré. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, 2008, katapílà tó ń ṣe títì gbá páìpù náà, iná sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àyè ìgbafẹ́.

Nítorí náà, bí ẹbí onílẹ̀ bá fẹ́ ta ilẹ̀, orí ìwé ètò ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ya àyè gbogboogbò sọ́tọ̀, kí ìjọba sì wò ó kó tó fọwọ́ sí i. Ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan péré tó láti bẹ̀rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, owó háyà rẹ̀ fún iná àti koríko, géètì tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kó jáde kó tó dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìgàndò-Ìkọ̀tún, torí àwọn onílé yìí kan náà ló ń dáwó jọ ra tiransifọ́mà, tí wọ́n sì ń di kòtò títì àdúgbò wọn.